Àwo jáàsì àkọ́kọ́ tó ti inú àìróorunsùn wá: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀

Olùkọ́ ohùn:
Ẹni tó bá fẹ́ gba àwo jáàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, tó sì jẹ́ àìróorunsùn ló bí àwọn orin inú rẹ̀, ohun tá a mọ̀ nìyí. Òru la fi ń ṣẹ̀dá irú orin báyìí, ṣùgbọ́n ohùn tó ti sùn la fi ń gbà á sílẹ̀. Ẹ gbọ́ àwo In the Wee Small Hours tí Frank Sinatra, akọrin ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1955. Orin 16 ló wà níbẹ̀, ìfẹ́ tó dàrú àti òru tí oorun ò wá ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, síbẹ̀ n kò mọ èyí tó tún kọ́ni níṣẹ́ yìí jù ú lọ. Alẹ́ ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Hollywood, àmọ́ ohùn tó ti rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀: ó ń fa gbólóhùn kan wọ inú èkejì láìmí, ọgbọ́n tó kọ́ lára Tommy Dorsey tó ń fọn trombone.

Ẹ dán ohùn yín wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ kọ orin kékeré kan jẹ́jẹ́ ní ohùn òkè. Bí atẹ́gùn bá kọ́kọ́ jáde kí ohùn tó tẹ̀lé e, tán-án-ná (iṣan inú ọ̀fun tó ń mú ohùn jáde) ti wú. Ẹ sún iṣẹ́ síwájú. Súìtì onímẹ́ńtọ́ọ̀lù kò lè wò ó. Ńṣe ló ń pa ìrora mọ́lẹ̀, tí ẹ ó fi máa kọrin lórí ohun tó ń dùn yín. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà kì í fún ohùn ní ìsinmi. Ẹ ki sítírọ́ọ̀ bọ inú ife omi, kó wọlé bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3, kẹ́ ẹ máa kùn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ jẹun alẹ́ ní wákàtí 3 kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀, torí omi kíkan inú ikùn a máa gòkè wá jó ọ̀fun.

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti máìkì kún un. Máìkì tó ń gbọ́ iwájú nìkan la sábà máa ń lò. Bí akọrin bá sún mọ́ ọn ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ, ohùn ìsàlẹ̀ á wú, ọ̀rọ̀ á sì rì sínú rẹ̀. Sẹ̀ńtímítà 15 dára, kí asẹ́ tó ń gba èémí dúró láàárín.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ariwo. Ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ á mú kẹ́ ẹ ṣí máìkì sókè, fáànù, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì bá a wọlé. Iná wa ní Nàìjíríà ń kùn ní 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè gé ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn ìkùn tó ń tẹ̀lé e ní 100 àti 150 Hz, ń bẹ níbi tí ohùn ènìyàn gan-an wà. Bẹ́ ẹ bá gé wọn, ẹ gé akọrin mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ yọ lápútọ́ọ̀pù kúrò lára iná, kó máa fi bátìrì ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó máa wá àtúnṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn pariwo jù dúró ní bíi −12 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó) lójú ìwọ̀n kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi compressor (irinṣẹ́ tó ń tẹ ohùn tó pariwo jù mọ́lẹ̀) tẹ̀ ẹ́ ju 3 dB lọ: lẹ́yìn ìyẹn, èémí á máa dún tó ọ̀rọ̀.

Atẹdùùrù:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ púpọ̀. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé orin mẹ́wàá tó ń lọ ní 60 lù ní ìṣẹ́jú kan á sú ènìyàn bí wọ́n bá wà ní kíì kan náà, ìyẹn ohùn ìpìlẹ̀ tí orin dúró lé. Ẹ máa yí kíì padà láti orin dé orin, kẹ́ ẹ sì yí àwọn tó ń lù ú náà. Nínú àwo tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ yẹn, àwọn orin kan ní fáólìn púpọ̀, àwọn mìíràn kò ju onílù àti ìwọ̀nba olóhun-èlò díẹ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí onílù fi lù, kì í ṣe igi, kí ariwo àwo irin ara ìlù má bàa wọ inú máìkì akọrin.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù (àwo tí abẹ́rẹ́ ń tọ ìlà ojú rẹ̀), ẹ má jẹ́ kí ojú kan ju ìṣẹ́jú 22 lọ. Bó bá gùn, ìlà rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún “s” kò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn, torí apá tó sún mọ́ àárín ni “s” ti máa ń ya.