Èsì: «Àtúnró» kọ́ ni orúkọ ìró tó ń pẹ́ nínú gbọ̀ngàn tàbí táǹkì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé nípa àwọn tó ń dá fọn saxophone láìṣètò orin tẹ́lẹ̀ pe ìró tó máa ń pẹ́ nínú gbọ̀ngàn ní «àtúnró». «Àtún-» yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí a bá tún ṣe ti parí lẹ́ẹ̀kan rí: àtúnbí, àtúnkọ. Ìró inú gbọ̀ngàn ò tíì parí. Ó ń tín-ín-rín lọ ni.

Èyí tó ń parí kó tó padà ti ní orúkọ: gbohùngbohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ ní «gbóhùngbóhùn». «Gbé» ló ń fi àmì òkè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bíi ti agbóhùnsáfẹ́fẹ́. «Gbà» ló wà níhìn-ín: òkè gba ohùn, ó dá a padà. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri bá jìn tó mítà 17, àlọ àti àbọ̀ á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, etí á sì gbọ́ ohùn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ògiri bá sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀, àwọn àbọ̀ á wọnú ara wọn.

Ẹ wo John Butcher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé saxophone káàkiri Scotland ní 2006: ilé ibojì Hamilton, ihò Smoo, táǹkì epo àtijọ́ ní Lyness. Ẹni tó bá sáré fọn ìró mẹ́jọ tẹ̀ léra nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fọn ẹyọ kan, á gbẹ́nu kúrò, á tẹ́tí, kó tó rọra fi òmíràn lé èyí tó ṣì ń dún. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 440 Hz (ìgbọ̀n 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó fi 443 lé e, ìró náà á máa le, á máa rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìró olóhùn òkè ló ń kọ́kọ́ kú, torí afẹ́fẹ́ tètè ń gbé e mì. Ti olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń pẹ́. Ẹni tó bá fọn ọ́n léraléra á bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí afárá Williamsburg ní New York, níbi tí Sonny Rollins, afọnsaxophone ará Amẹ́ríkà, ti ń dá fọn láàárín 1959 sí 1961, ìta gbangba ni: ìró lọ, kò bọ̀. «Àtún-» wo ló wà nínú méjèèjì?

Mo dábàá «àṣẹ́kù ìró».

———

Àbúrò, mo gba ti «gbà», ó péye. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àṣẹ́kù kì í fúnra rẹ̀ dín. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ẹnìkan á fi jẹ ẹ́. Èyí ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. «Àdúnlọ» ni kí a pè é. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni: agogo dún, ó ń dún lọ.

Ẹni tó sì pe saxophone ní kàkàkí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó tún un wò. Saxophone ní ègé esùsú tó ń gbọ̀n lẹ́nu. Kàkàkí ò ní in, ètè ló ń gbọ̀n. Algaita, fèrè elésùsú àwọn Hausa, ló súnmọ́ saxophone.

———

Ẹ̀gbọ́n, «àdúnlọ» dùn létí, ṣùgbọ́n «lọ» ń gbé ìró jáde kúrò nílé. Inú táǹkì ló wà! Mi ò tíì fi «àṣẹ́kù» sílẹ̀.