Máìlì ọkọ̀ òfuurufú wo ni kí n gbájú mọ́ láti Àbújá?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kubwa ni mò ń gbé, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní ọjà Wuse. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń lọ kó ọjà ní Istanbul, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì ń lọ wo ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá wálẹ̀ jù ni mo máa ń bá lọ. Máìlì mi, ìyẹn àmì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń fún oníbàárà tó bá bá wọn rìn, téèyàn lè kó jọ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, wá fọ́n káàkiri bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀: díẹ̀ lọ́dọ̀ Turkish, díẹ̀ lọ́dọ̀ Ethiopian, díẹ̀ lọ́dọ̀ British Airways. Kò sí èyí tó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ti ilé iṣẹ́ kan tiẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá torí mi ò tètè lò ó. Ó dùn mí wọ eegun.

Mo ti wádìí díẹ̀. Turkish àti Ethiopian jọ wà nínú Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń bára wọn ṣe, mo lè wọ ọ̀kan kí n ka máìlì rẹ̀ sórí èkejì. Avios, bí British Airways àti Qatar Airways ṣe ń pe máìlì tiwọn, náà ṣeé gbé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Àlàájì tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní kí n di Ethiopian mú, ṣùgbọ́n Àlàájì fúnra rẹ̀ kì í lọ Istanbul! Mo béèrè káàdì tó ń fúnni ní máìlì ní báńkì mi, káàdì náírà lásán ni wọ́n nà sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, èwo ló bá irú ìrìn àjò mi yìí mu jù?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.