Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ mi tó jẹ́ wọ́dà kò rí oorun sùn mọ́

Ìyá Tọ́lá, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ wọ́dà ni ọkọ mi ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì gún wọ́dà kan pa. Ọwọ́ Bàbá Tọ́lá ló kú sí. Látìgbà náà, bí oorun bá gbé wọn lọ, wọ́n á fò dìde, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa pariwo pé, "Ẹ ti géètì!" Ìró kọ́kọ́rọ́ lásán ń kó jìnnìjìnnì bá wọn. Níjọ́sí, Tọ́lá bú sẹ́rìn-ín lójijì, wọ́n gbá a létí, wọ́n sì wọ yàrá lọ sunkún. Ọkùnrin tí kò na ọmọ rí! Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù, wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ àwọn á ní orí àwọn ti dàrú. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ sórí òkè. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà o. Ẹ gba àdúrà náà, àmọ́ ẹ gbà á nílé. Ààwẹ̀ ò dáa fún ẹni tí kò sùn.

Wọ́dà tó ti fẹ̀yìn tì:
Ọmọ mi, orí ọkọ rẹ kò dàrú. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ó ṣe gbé ohun tójú wa rí délé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ọlọ́kùúta ní Àkúrẹ́, iye ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ ni gbogbo ènìyàn ń kà. Ta ló bèèrè àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà? Ó ń dùn mí títí dòní.

Nọ́ọ̀sì kan, Oǹdó:
Ẹ̀gbọ́n, àìsàn ni, PTSD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù tójú èèyàn rí. Láti 1980 ló ti wà nínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe sójà nìkan ló ń ṣe. Bí àlá burúkú àti ìfòyà báyìí bá ti lé lóṣù kan, ó tó gbé lọ bá dókítà. Dókítà á jẹ́ kí ọkọ yín máa rọra sọ ohun tójú wọn rí. Wọ́n sì lè fún wọn ní oògùn bíi sertraline. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́mísìtì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọtí wá oorun. Bí wọ́n bá ń lálàá, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti pe orúkọ wọn. Bí ojú bá ń tì wọ́n ní Àkúrẹ́, ẹ mú wọn wá sí UNIMEDTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, níbí ní Oǹdó. Àmọ́ bí wọ́n bá dárúkọ ikú pẹ́nrẹ́n, ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an, omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹni tó ti wọ aṣọ yẹn rí ni wọ́n á gbọ́ sí lẹ́nu.

Wọ́dà tó ti fẹ̀yìn tì:
Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé mo fẹ́ pè é, má jẹ́ kó bá a lójijì.