Géèmù tí mo fi owó mi rà kò ṣí mọ́: kí ni mo rà gan-an?

Atukọ̀-Àná béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Mo ní géèmù ìdíje ọkọ̀ ojú omi kan tí mo ti rà tipẹ́, ẹ̀yìn ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi máa ń fi bírò kọ àkókò tí oníkálukú fi parí eré sí, títí tí kò fi sí àyè mọ́ níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo nu àwo rẹ̀, mo fi í sínú ẹ̀rọ, àmì kékeré kan sì ń yí po lójú tẹlifíṣọ̀n kí ó tó sọ fún mi pé òun kò rí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ni ó ń dúró sí. A kò bá àjèjì kankan díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, a kàn máa ń gba pádì lọ́wọ́ ara wa ni. Kí ló dé tí géèmù yìí fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kí ó tó ṣí? Mo tún ní àwọn mìíràn tí mo rà láìsí àwo, lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ṣé omi ti gbé gbogbo wọn lọ nìyẹn?

Akópamọ́ dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ́jú. Ohun méjì ni ẹ so pọ̀, ẹ jẹ́ kí n tú wọn sílẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú wọn ṣì ní àtúnṣe. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ ẹ̀rọ kan pa, títà ni ó dáwọ́ dúró. Ohun tí ènìyàn ti rà tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ṣeé gbà padà fún ìgbà kan sí i. Ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti àwọn ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, 3DS àti Wii U, pa ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023, Microsoft sì ti ìsọ̀ ẹ̀rọ Xbox 360 tirẹ̀ pa ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, síbẹ̀ àyè wà fún àwọn tó ti sanwó ṣáájú láti tún géèmù wọn gbà sórí ẹ̀rọ. Ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ géèmù ni kò pé láìsí wọn.

Ti ọkọ̀ ojú omi yẹn ni ó le. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú àwo kì í ṣe odindi: ibi tí ẹ bá eré dé àti ohun tí ẹ ti jẹ, orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé. The Crew, géèmù ìdíje mọ́tò ti ilé-iṣẹ́ Ubisoft tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Ubisoft pa server rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó ní àwo rẹ̀ àti ẹni tí kò ní in di ọgbọọgba, títí kan ẹni tó ń dá ṣeré.

Akọ̀wé-Ètò dáhùn pé:

Iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, n kò sì fẹ́ kí a rò pé ìkà lásán ni ó ń mú kí wọ́n pa server. Ó ń jẹ owó lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ kí àwọn olè má baà gba ibẹ̀ wọlé, àṣẹ tí wọ́n gbà lórí orin sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ohun tí n kò lè gbà ni kí wọ́n ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí géèmù Knockout City ń kógbá sílé ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ṣe é fún àwọn aṣeré ní server tí wọ́n lè máa dá tàn fúnra wọn lórí kọ̀ǹpútà. Bí a bá ro òpin géèmù mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bí ó bá di ọdún kẹwàá, tí àwọn tó kọ ọ́ ti fọ́n ká, ó ti di òkè ìṣòro.

Alápótí-Ìwé dáhùn pé:

Ní California, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹni tó ń ta géèmù tàbí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "rà" láìjẹ́ pé ó ṣàlàyé kedere pé àṣẹ ìlò lásán ni òun ń tà, bí ọjà náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n lè gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sanwó rẹ̀. Òfin náà dára, àmọ́ pé wọ́n sọ fún mi pé nǹkan kì í ṣe tèmi kò sọ ọ́ di tèmi. Ohun tí mo ń fọkàn sí ni ẹ̀bẹ̀ Stop Killing Games (Ẹ yé pa géèmù) ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí iye àwọn tó fọwọ́ sí i kọjá mílíọ̀nù kan ní ọdún 2025. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì í gbọ́: wọn kò ní kí ilé-iṣẹ́ máa tan server títí láé, wọ́n ní bí ó bá fẹ́ lọ, kí ó fi géèmù sílẹ̀ ní ipò tí ènìyàn ṣì lè fi í ṣeré.

Atukọ̀-Àná padà wá pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tan ẹ̀rọ àtijọ́ náà lálẹ́ àná. Aago inú rẹ̀ ti ṣìnà pátápátá, ó di ìgbà tí mo tún ọjọ́ ṣe kí ó tó gbà láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù mẹ́tàlá ni mo rà, mọ́kànlá ti wọlé báyìí. Méjì tó kù kò hàn lórí àtòjọ mọ́, mo ṣì ń wá wọn. Ti ọkọ̀ ojú omi, mo ya fọ́tò ìwé inú páálí náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Òun ló yá jù, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 42, n kò sì tíì rí ibi tí mo lè gbà lé e bá.