Oṣù mẹ́ta lórí kápúsù olú, ikùn mi ò fà

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń mu kọfí olú reishi àti kápúsù rẹ̀, ₦46,000 ti bá a lọ. Obìnrin tó tà á ní ọ̀rá ara mi á yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ìyá ọkọ mi sì ń pè mí ní "Àgbá". Kílò 94 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 94 náà ni mo wà. Mo pe obìnrin yẹn títí, kò gbé e. Kí ni kí n fi kún un?

Ìyá Ìbejì: Olú kẹ̀? Èyí tí ìyá àgbà ń já bọ̀ láti oko, tí a ń fi jẹ iyán! Ta ló fà nínú wa?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kọfí yẹn, ẹ wò ó bóyá ṣúgà kọ́ ló ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Ẹ̀ẹ̀mẹta. Àárọ̀ nìkan ni mo ń fi búrẹ́dì sí i. Ìwádìí wà lórí ẹ̀, obìnrin tó tà á fi hàn mí.

Tíṣà: Mo mọ̀ ọ́n. Taiwan, 2015, inú ìwé ìròyìn sáyẹ́nsì Nature Communications. Eku tí wọ́n ń fi ọ̀rá bọ́ ni wọ́n fún ní omi olú náà. Kòkòrò inú ìfun wọn yí padà, wọn ò sì sanra tó àwọn yòókù. Eku o!

Àṣàkẹ́: Mo ní tíì tó ń fa ikùn, ẹ pè mí.

Ìyá Ìbejì: O tún ti dé!

Nọ́ọ̀sì Bísí: Màmá Tèmítọ́pẹ́, oògùn wo lẹ ń lò?

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Kò sí, ara mi le. Àfi Warfarin tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ò kan ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ha! Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu yín?

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Búrọ́ọ̀ṣì mi ló le. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí itọ́ mi ń pọ́n láàárọ̀. Àpá dúdú wà ní apá mi, mo rò pé ọmọ ló gbá mi.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ dá kápúsù àti kọfí dúró báyìí. Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, olú yẹn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá Warfarin dúró o. Ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò INR, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì tó, kí ẹ gbé páálí olú náà dání.

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Obìnrin tó tà á ti gbé fóònù o. Ó ní ara ló ń fọ, kí n fi kápúsù méjì kún un.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ẹ já a sílẹ̀, ẹ wọ kẹ̀kẹ́!

Màmá Tèmítọ́pẹ́: Mo ń wá bàtà.