"Òkúta ẹfun" kò tó fún òkúta Dover

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé "òkúta ẹfun" ni kí a máa pe òkúta funfun rírọ̀ (chalk lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí ó dúró bí ògiri létí òkun ní Dover, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo júbà wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹfun ti ní ohun tí ó ń jẹ́ láàrin wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé.

Ẹfun tí mo rà ní Ọjà Ọba níhìn-ín ní Àkúrẹ́, irú èyí tí àwọn olóòṣà fi ń kun ojúbọ Ọbàtálá, amọ̀ funfun ni. Ara òkúta líle bíi ti Òkè Ìdànrè ni irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí òjò àti ooru bá ti jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ti Dover kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: èèpo ara àwọn ewéko òkun tí ojú lásán kò lè rí ni ó rọ̀ sísàlẹ̀ omi, tí ó ń gorí ara wọn títí ó fi di òkúta, láàrin nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹfun tí mo rà, kò hó. Mo fún un sórí ìkarahun ìgbín tí mo lọ̀ kúnná, ó hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ìkarahun ìgbín ni òkúta Dover yóò ti ṣe, nítorí pé ohun kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n lè fèsì pé àwọn ará Róòmù pàápàá ń fi "creta" pe amọ̀ àti òkúta yìí pọ̀, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni d'Omalius d'Halloy, onímọ̀ nípa òkúta ará Belgium, ti fa orúkọ Cretaceous, sáà ayé àtijọ́ tí òkúta Dover ṣẹ̀dá nínú rẹ̀, yọ ní 1822. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lónìí ti mọ ìyàtọ̀ tí wọn kò mọ̀.

"Ẹfun òkun" ni mo fara mọ́. ("Ẹfun ìkọ̀wé" lè dúró fún ti ojú pátákó, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe òkúta yìí mọ́.) A sì nílò orúkọ kejì, "ìpele ẹfun òkun", fún odidi òkúta tí ó tẹ́ láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba abẹ́ òkun dé Faransé, nítorí pé òkúta ìbọn (flint) pọ̀ nínú rẹ̀: òkúta ìbọn kì í ṣe ẹfun òkun, síbẹ̀ ara ìpele náà ni. "Ìpele" nìkan ló ṣì ń kọ mí lóminú, torí pé a ti ń lò ó fún ipò ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó ṣe kedere jù ú lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.