Skánà inú ọkọ̀: báwo ni mo ṣe lè rí ìkànnì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní Àkúrẹ́?

Awakọ̀ Alágbàká:
Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín. Mo ra skánà Uniden alálòkù kan, rédíò tí ń wá ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, mo sì gbé e sínú ọkọ̀ nítorí pé iṣẹ́ máa ń gbé mi láti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó wù mí gidigidi láti gbọ́ bí àwọn awakọ̀ òfurufú ṣe ń bá pápákọ̀ wa sọ̀rọ̀, kí n sì mọ àwọn ìkànnì mìíràn tí wọ́n ń lò ní àyíká. Mo ní kí ẹ̀rọ náà máa wá láti 136 títí dé 174 MHz, ṣùgbọ́n láti Alágbàká títí dé Ọ̀bà-Ilé, orin ilé iṣẹ́ rédíò àti ariwo tí ń dún ṣàà bí epo gbígbóná nìkan ni mo ń gbọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́n Ọjà Ọba:
Àbúrò, àwọn ọkọ̀ òfurufú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbi tí o ti ń wá wọn. Láti 118 sí 137 MHz ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ìgbóhùn tí à ń pè ní AM ni wọ́n sì ń lò, nítorí náà yí ẹ̀rọ rẹ sí AM kí ohùn wọn tó lè já gaara. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibi tí o ní kí ó wá ti fẹ̀ jù fún ẹni tó wà lórí ìrìn. Láti 136 sí 174, bí ó bá ń fo 12.5 kHz lẹ́ẹ̀kan, ìgbésẹ̀ 3,040 ni. Bí ó bá ń yẹ 80 wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ni yóò fi parí rẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré 60 km/h yóò sì ti rìn ju 600 mítà lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lórí wokitọ́kì ti dákẹ́ kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gé e sí MHz méjì-méjì, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ni yóò gbà. Wá ọ̀kan ní àlọ, kí o wá òmíràn ní àbọ̀.

Ìyá Oníṣẹ́ Rédíò:
Orin yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Agbára àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ìlú, bíi 94.5 àti 102.5, ló ń bo skánà yín mọ́lẹ̀ tí ó fi ń gbé orin jáde níbi tí orin kò sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì attenuator, tí ń dín agbára ohun tó ń wọlé kù: ojúlówó ìkànnì yóò rọlẹ̀ díẹ̀, ayédèrú yóò pòórá. Bí kò bá dẹwọ́, ẹ ra filter tí ń dí 88 sí 108 MHz, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò FM wà, kí ẹ so ó mọ́ ìdí éríà. Ní ti ariwo, ẹ yọ ṣájà fóònù kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tún gbọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni èyí tí mo rà lówó pọ́ọ́kú fi da tèmi láàmú kí n tó fura.

Ọmọ Ìdànrè:
Éríà kékeré orí skánà kò lè ṣe dáadáa nínú ọkọ̀, nítorí irin yí i ká. Ẹ gbé èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì sí àárín òrùlé. Éríà tó gùn tó 50 cm bá 150 MHz mu. Ìgbì rédíò yìí kì í la òkè kọjá. Bí mo bá wà lábẹ́ àpáta nílùú wa, n kì í gbọ́ Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gòkè díẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Bàbá Arìnrìn-àjò:
Mo bẹ yín, ẹ má kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nídìí stíárìn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì bá yín kọ ọ́. Bí ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, éríà gígùn yẹn yóò mú wọn béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ fi sùúrù ṣàlàyé. Bí ẹ bá ṣèèṣì bọ́ sórí ìkànnì agbófinró, ẹ kọjá, ẹ má sì fi nọ́ńbà rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ajínigbé náà ń wá irú rẹ̀.

Awakọ̀ Alágbàká:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo yọ ṣájà lánàá, ariwo epo gbígbóná yẹn sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pápákọ̀, mo yí i sí AM, mo sì ní kí ó máa wá MHz méjì-méjì. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ohùn ọkùnrin kan wọlé, ó sọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ga tó lófurufú, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ó sì dákẹ́. Mo ti kọ nọ́ńbà ìkànnì náà sílẹ̀. Filter ni ó kù tí n óò rà.